Lẹ́tà sáà kejì sí àwọn òbí àti alágbàtọ́: Kíkọ́ àwọn ọmọ wa láti kópa nínú ètò ìlú

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọdún, ẹ sì kú ìyèdún. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí ó mú àwọn ọmọ wa padà sí ilé ẹ̀kọ́ ní àlàáfíà. Ètò ìdánwò, owó ilé ẹ̀kọ́ àti ọjọ́ ìsinmi wà nínú ìwé kejì tí àwọn ọmọ mú bọ̀ wálé, n kò sì ní í tún wọn sọ níhìn-ín. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi lẹ́tà yìí bá yín sọ, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú yín ti béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi láti ìgbà tí a ti dá ẹgbẹ́ tí ń kọ́ nípa ètò ìlú sílẹ̀ fún àwọn ọmọ SS 1 àti SS 2: kí ni ilé ẹ̀kọ́ Kristẹni ń wá nínú ọ̀rọ̀ ìjọba, kí sì ni a fẹ́ fi àwọn ọmọ yín ṣe níbẹ̀?

Ìbéèrè náà tọ́. Bàbá kan sọ fún mi ní ìpàdé àwọn òbí àti olùkọ́ pé òun rán ọmọ òun wá síbí kí ó lè mọ Ọlọ́run kí ó sì yege, pé òṣèlú dọ̀tí, ẹni tí ó bá sún mọ́ ọn yóò sì kó àbàwọ́n níbẹ̀. Mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ni ó ń ronú bẹ́ẹ̀, n kò sì lè sọ pé ìbẹ̀rù náà kò nídìí. Ṣùgbọ́n ìpinnu àwọn tí ń ṣe ìjọba ni ó ń sọ bóyá oògùn yóò wà ní ilé ìwòsàn, iye owó orí tí ìyá tí ń ta ata yóò san, àti bóyá olùkọ́ yóò wà ní kíláàsì ní abúlé. Bí àwọn tí ó bẹ̀rù Ọlọ́run bá kọ̀ láti mọ bí a ṣe ń ṣe òfin, ẹlòmíràn yóò ṣe é, gbogbo wa ni a ó sì jọ wà lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú ìtàn kan tí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n wá. William Wilberforce di ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1780, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 21. Nígbà tí ó yí padà sí Kristi tọkàntọkàn ní 1785, ó rò ó pé bóyá kí òun fi òṣèlú sílẹ̀. Àlùfáà John Newton, tí òun fúnra rẹ̀ ti fìgbà kan jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ tí ń kó ẹrú, ni ó gbà á nímọ̀ràn pé kí ó má kúrò. Ní 1789 ni Wilberforce kọ́kọ́ dìde sọ̀rọ̀ gbọọrọ ní ilé ìgbìmọ̀ lòdì sí òwò ẹrú. Wọ́n da àbá rẹ̀ nù ní 1791, wọ́n sì tún dà á nù lẹ́yìn náà léraléra, títí òfin tí ó fòpin sí òwò náà fi jáde ní 1807. Nítorí òfin yẹn ni àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣọ́ etíkun wa. Ní 1821, àwọn akónilẹ́rú mú ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí ní ìlú Òṣogùn. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, wọ́n sì kó o sínú ọkọ̀ àwọn Pọtogí. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì mú ọkọ̀ náà, Àjàyí sì dé Freetown ní òmìnira. Òun ni Samuel Ajayi Crowther, tí ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, ẹni tí ó ṣe gudugudu méje nínú títúmọ̀ Bíbélì tí a ń kà ní ilé wa títí di òní. Àwọn tí ó dìbò fún òfin náà ní London kò mọ Òṣogùn, wọn kò sì gbọ́ orúkọ Àjàyí rí. Síbẹ̀ òfin wọn dé ojú omi wa, ó sì gba ọmọ náà sílẹ̀.

Ìgboyà wà nínú ìtàn yìí, ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wa rí níbẹ̀ ni iṣẹ́. Wilberforce kì bá tí rí nǹkan kan sọ bí kì í bá ṣe ti Thomas Clarkson, tí ó ń lọ láti èbúté dé èbúté, ní Bristol àti ní Liverpool, tí ó ń fọ̀rọ̀ wá àwọn atukọ̀ lẹ́nu wò, tí ó ń kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀, tí ó sì ra ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ní ọjà kí àwọn aṣòfin lè fi ojú ara wọn rí i. Ní 1792, ìwé ẹ̀bẹ̀ 519 ni àwọn ará ìlú fi ránṣẹ́ sí ilé ìgbìmọ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni Nehemáyà ṣe. Ó sunkún, ó gbààwẹ̀, ó gbàdúrà. Lẹ́yìn náà ó béèrè lẹ́tà àti igi lọ́wọ́ ọba, ó sì jáde lóru láti yẹ odi Jerúsálẹ́mù wò kí ó tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Àdúrà rẹ̀ wà ní orí kìíní ìwé náà, ìwádìí rẹ̀ sì wà ní orí kejì. Lójú tèmi, ọ̀pọ̀ nínú àwa Kristẹni ilẹ̀ yìí ni kì í kọjá orí kìíní. A ń gbàdúrà fún àwọn aláṣẹ, ó sì dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni mélòó nínú wa ni ó ti ka ètò ìṣúná ìpínlẹ̀ rẹ̀ rí, tàbí tí ó mọ kánsẹ́lọ̀ tí ń ṣojú wọ́ọ̀dù rẹ̀?

Ní Abẹ́òkúta wa níbí, kò yẹ kí a máa wá àpẹẹrẹ lọ sí òkèèrè nìkan. Ní 1914, Fúnmiláyọ̀ Thomas, tí a wá mọ̀ sí Ransome-Kuti, wọ Abẹ́òkúta Grammar School nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba ọmọbìnrin. Àlùfáà ni ọkọ rẹ̀, ó sì di ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ yẹn kan náà. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí ó kàwé ni ìyá yìí kọ́kọ́ dá sílẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ìyá ọjà wá bá wọn, ó kọ́ wọn ní ìwé kíkà, ó sì tẹ́tí sí wọn: àwọn aláṣẹ ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ wọn láìsan iye tí ó tọ́, owó orí sì ń wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ní 1946, ẹgbẹ́ náà di ti gbogbo obìnrin Ẹ̀gbá. Ìwọ́de wọn ni ìtàn sábà máa ń sọ, ṣùgbọ́n wọ́n tún kọ àbá sílẹ̀: kí a mú owó orí kúrò lọ́rùn àwọn obìnrin, kí a gbé e ka orí àwọn ilé iṣẹ́ òkèèrè, kí a ná owó sórí ìmọ́tótó àti ẹ̀kọ́, kí obìnrin sì ní ìjókòó níbi tí a ti ń ṣe ìpinnu ìlú. Nítorí ìwọ́de náà, ní oṣù kìíní ọdún 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìtẹ́ sílẹ̀. Kábíyèsí padà ní ọdún 1950, mo sì mọ̀ pé ojú tí ìdílé kọ̀ọ̀kan fi ń wo ọ̀rọ̀ náà kò dọ́gba. A kò kọ́ àwọn ọmọ láti dájọ́ lórí rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ kí wọ́n kọ́ ni pé àwọn obìnrin yẹn mọ ohun tí wọ́n fẹ́, wọ́n sì lè kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹni tí ó wà nípò lè kà á.

Ní sáà tí ó kọjá, a fi ọ̀nà tí ó wà níwájú ilé ẹ̀kọ́ wa bẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ bí ọkọ̀ àti ọ̀kadà ṣe ń sáré níbẹ̀ ní àárọ̀ nígbà tí àwọn ọmọ kékeré ń sọdá. Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí àwọn ọmọ kọ kún fún ìbínú, ó sì sọ pé ìjọba kò bìkítà fún ẹ̀mí ọmọdé. Wọ́n mú un lọ sí ilé iṣẹ́ ìjọba kan, wọ́n sì sọ fún wọn níbẹ̀ pé ọ̀nà náà kì í ṣe tiwọn. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ wá mọ̀ pé ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ wà, ti ìpínlẹ̀ wà, ti ìjọba ìbílẹ̀ sì wà, àti pé ẹni tí kò bá mọ ẹni tí ó ni ọ̀nà yóò máa kígbe sí ẹni tí kò lágbára láti ṣe nǹkan kan. Wọ́n fi ẹ̀yìn odi ilé ẹ̀kọ́ ṣe ibùdó, àwọn olùkọ́ sì wà pẹ̀lú wọn: wọ́n ka ọkọ̀ tí ń kọjá kí agogo tó lù, wọ́n ka ọmọ tí ń sọdá, wọ́n bá àwọn ọlọ́kadà àti àwọn ìyá tí ń tajà létí ọ̀nà sọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin kan tí kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ̀rọ̀ ní kíláàsì ni ó kọ lẹ́tà kejì. Lẹ́tà náà kò gùn, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó sọ ibi tí ọ̀nà wà, iye ọmọ tí ń sọdá, àti ohun tí wọ́n ń tọrọ, ìyẹn bọ́ǹpù méjì àti àmì tí yóò kìlọ̀ fún awakọ̀. Èsì kò dé. Wọ́n kọ òmíràn, wọ́n sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ẹni tí ń ṣojú wa ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀. Kí a tó gba ìsinmi Kérésìmesì, òṣìṣẹ́ ìjọba kan wá wọn ọ̀nà náà. Bọ́ǹpù kò tíì sí níbẹ̀, àwọn ọmọ yóò sì máa bá a lọ ní sáà yìí títí yóò fi wà.

Mo fa ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀ nítorí pé èmi gbà pé báyìí ni a ti ń kọ́ olórí. Kì í ṣe nípa fífi oyè fún ọmọ, tàbí kíkọ́ ọ ní bí a ti ń sọ̀rọ̀ dídùn lórí pèpéle.

Ní sáà yìí, àwọn ọmọ yóò ka apá kan nínú ètò ìṣúná ìpínlẹ̀ wa, kí wọ́n lè mọ ìyàtọ̀ láàrin owó oṣù àti ìnáwó ojoojúmọ́ ìjọba, àti owó tí a yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ àkànṣe. Wọn yóò lọ sí Òkè-Mosàn láti wo ìjókòó ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, kí wọ́n sì mọ bí a ti ń ka àbá òfin lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó tó dé ọ̀dọ̀ gómìnà. A ó sì fi òfin ọdún 2011 hàn wọ́n, èyí tí ó fún ẹnikẹ́ni lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé àti àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba láìsọ ìdí tí ó fi ń béèrè, tí ó sì fún ilé iṣẹ́ náà ní ọjọ́ 7 láti dáhùn. Láti 2018 ni òfin ti gbà kí ẹni ọdún 25 díje fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ tàbí ilé aṣojú-ṣòfin ní Àbújá. Ọmọ ọdún 16 tí ó wà ní SS 2 lónìí yóò pé ọjọ́ orí yẹn ní ọdún 9 sí i, kò sì yẹ kí a dúró dìgbà náà kí a tó kọ́ ọ ní ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́.

Àwọn ààlà kan wà tí a kò ní í rékọjá. A kò ní í gba olùdíje kankan láàyè láti wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀, fìlà tàbí aṣọ ẹgbẹ́ òṣèlú kò ní í wọ ọgbà wa, olùkọ́ tí ó bá sì sọ ẹni tí òun ń tẹ̀ lé fún àwọn ọmọ yóò fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Àwọn ọmọ Mùsùlùmí wà láàrin wa, àyè wọn sì ṣí sílẹ̀ gbayawu bí òbí wọn bá fẹ́. Ìwé òfin Nàìjíríà, ní abala 10, kò gba ìjọba láàyè láti sọ ẹ̀sìn kan di ti ìlú, abala 38 sì dáàbò bo ẹ̀sìn olúkúlùkù. Èmi kò rí ìdí kankan tí Kristẹni yóò fi bẹ̀rù ìyẹn. Nígbà tí Wòlíì Jeremáyà kọ̀wé sí àwọn tí a kó lọ sí Bábílónì, ó ní kí wọ́n wá àlàáfíà ìlú tí wọ́n wà, wọ́n sì mọ̀ pé kì í ṣe ìlú àwọn olùjọsìn Jèhófà. Ọmọ tí a bá kọ́ láti wá ire àwọn ará ilé rẹ̀ nìkan kò tíì ṣe tán láti ṣe òfin fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ tí ó kù wúwo lọ́kàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á. A kò lè máa kọ́ ọmọ ní òtítọ́ nínú ètò ìlú ní ọjọ́bọ̀, kí òbí rẹ̀ sì san owó ní ibi tí wọ́n ti ń ra èsì WAEC ní ọjọ́ ajé. Ìwé Dáníẹ́lì sọ pé àwọn ọ̀tá rẹ̀ wá ẹ̀sùn sí i nínú iṣẹ́ ìjọba, wọn kò sì rí àléébù kankan. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́, ẹ̀yin náà sì ni ẹ ó kọ́kọ́ ṣe àpẹẹrẹ fún un. Ẹ jẹ́ kí ó tẹ̀ lé yín lọ sí ìpàdé àwọn onílé àdúgbò, kí ó rí bí a ti ń dá owó ẹ̀rọ iná, bí a ti ń ṣe ìṣirò rẹ̀, bí àwọn àgbà ti ń jà tí wọ́n sì ń parí rẹ̀. Bí ó bá béèrè ìdí tí ẹ fi ṣe ìpinnu kan nínú ilé, ẹ má pè é ní aláìmòye ọmọ. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Mo sì bẹ̀ yín nítorí àwọn ọmọbìnrin: òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni iṣẹ́ ilé máa ń mú wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pín iṣẹ́ náà káàkiri kí àwọn náà lè dúró lẹ́yìn ìparí ẹ̀kọ́.

Ẹgbẹ́ náà yóò máa pàdé ní ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn ìparí ẹ̀kọ́, títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. A kò fi àwọn SS 3 kún un nítorí ìdánwò wọn. Owó kankan kò sí fún un, ọkọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ni yóò sì gbé wọn lọ sí Òkè-Mosàn. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìjọba, ní kóòtù, ní ìjọba ìbílẹ̀ tàbí ní ilé ìròyìn, tí ó sì lè wá bá wọn sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ náà láìmú ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú wá, kí ó fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì mi.

Ìwé ìyọ̀ǹda wà lẹ́yìn lẹ́tà yìí. Ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹ fi í rán ọmọ padà kí ọ̀sẹ̀ kẹta sáà yìí tó parí. Òbí tí kò bá fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ kópa lè kọ ọ́ síbẹ̀ láìṣàlàyé. Bí ó bá sì fẹ́ kí a jọ sọ ọ́, mo wà ní ọ́fíìsì ní gbogbo ọjọ́ ajé láti aago méjì ọ̀sán.

Èmi ni tiyín nínú Kristi,

Ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́