Gbèsè kì í ṣe ẹ̀sùn ọlọ́pàá

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Mo ka lẹ́tà òǹkàwé yín kan tó ní kí ọlọ́pàá máa kó gbogbo onígbèsè Ìjẹ̀bú sí àtìmọ́lé títí wọn yóò fi sanwó. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, àgàgà létí èmi tí mò ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà ní Òkè-Ajé, tí ìwé àwìn mi nípọn ju Bíbélì lọ. Síbẹ̀, mi ò fara mọ́ ọn.

Ẹni tí wọ́n jẹ lówó ní ẹjọ́ láti rò, ìyẹn ò sọnù. Ṣùgbọ́n òfin wo ló ní kí wọ́n ti onígbèsè mọ́lé? Abala 35 ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 ka àwọn ìdí tí wọ́n fi lè gba òmìnira lọ́wọ́ èèyàn. Ìfura tó nídìí pé ẹni náà hùwà ọ̀daràn wà níbẹ̀. Àwìn tí èèyàn ò rí san ò sí níbẹ̀. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 tún là á mọ́lẹ̀ ní abala 32 pé wọn ò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni kìkì torí pé ó yẹ àdéhùn.

Lọ́dún tó kọjá, ìyá kan tó ń ta ata ládùúgbò wa jẹ alájàpá tó ń kó ọjà fún un lówó. Alájàpá gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ. Wọn ò bá ìyá nílé, ni wọ́n bá gbé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀. Ẹ̀yìn káńtà la bá a, wọ́n ti gba bàtà àti bẹ́líìtì rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ kan di ṣòkòtò mú. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri lókè orí rẹ̀ ní ọ̀fẹ́ ni béèlì. A sanwó kí wọ́n tó fi í sílẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀. Ọmọ yẹn ò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, Òfin Ọlọ́pàá kan náà sì ní wọn ò gbọdọ̀ mú ẹnì kan dípò ẹlòmíì. Nígbà tí mo bi ọ̀gá tó wà lẹ́nu iṣẹ́ pé kí ló fi mú un, ó ní, “Mádàámù, ìyá ẹ̀ jẹ gbèsè àbí kò jẹ?”

Ìyá jẹ gbèsè lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí mo bi í kọ́ ló dáhùn. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí ẹ̀sùn bá ti lè jẹ́ òótọ́, ohunkóhun tí àwọn bá fi ẹlẹ́ṣẹ̀ náà ṣe ti bófin mu nìyẹn.

Láyé àwọn baba wa, wọ́n máa ń dógò ti onígbèsè. Ológò á wá jókòó sílé rẹ̀, á máa pa adìyẹ ilé jẹ, á máa bú tọmọdé tàgbà, títí ẹbí á fi wá owó jáde. Wọ́n sì ń fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà. Tìlú tọba ló mọ̀ sí i nígbà yẹn. Àṣẹ yẹn ti kúrò nílẹ̀. Ẹ má jẹ́ ká wọ yúnífọ́ọ̀mù fún ológò.

Mi ò sọ pé kò sí gbèsè tó lè di ọ̀ràn. Ẹni tó kọ ṣẹ́ẹ̀kì nígbà tó mọ̀ pé òun ò lówó ní báńkì, tàbí tó fi irọ́ gba ọjà láti ìbẹ̀rẹ̀, ọlọ́pàá lè wá a lọ. Òun náà, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí tí wọ́n fi mú un fún un láàárín wákàtí 24, ní èdè tó gbọ́. Bí kóòtù bá sì wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní láti fi gbé e débẹ̀. Kóòtù sì wà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹni tí wọ́n mú láìbófin mu, abala 35 ní kí wọ́n san owó gbà-máà-bínú fún un, kí wọ́n sì tọrọ àforíjì ní gbangba. Ojú mi ò tíì rí irú àforíjì bẹ́ẹ̀ rí o.

Kóòtù májísíréètì lèmi ń gbé onígbèsè mi lọ. Ó ń pẹ́, kí n má purọ́: òní, adájọ́ ò jókòó, ọ̀la, wọ́n sún ẹjọ́ síwájú. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń gba ìwé àdéhùn tí ẹlẹ́rìí buwọ́ lù kí àpò ìrẹsì tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Alájàpá ata yẹn ò tíì rí owó rẹ̀ gbà títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Owó tí ìyá ti ṣà jọ láti san fún un ló fi gba béèlì ọmọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ abala 35 yẹn ní Yorùbá sí ojú ìwé kan odindi, kó hàn ketekete, ká lè gé e lẹ̀ mọ́ ara ṣọ́ọ̀bù wa.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Onírẹsì,
Òkè-Ajé, Ìjẹ̀bú-Òde.