Kí Ẹ Tó Sọ Pé Ká Kẹ́rù Kúrò Nínú Ìjọ

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn o. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì ni mí, mo sì jẹ́ agbẹ̀bí pẹ̀lú. Byazhin ní Kubwa, lẹ́bàá Abuja níbí, ni mo ń gbé. Arákùnrin kan kọ lẹ́tà sí yín láti Òṣogbo lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ó ní ẹni tí kò bá gba ohun tí pásítọ̀ rẹ̀ ń wàásù, kí ó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, kí ó wá ibòmíràn lọ, nítorí ìjọ kì í ṣe ilé ọkọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà náà. Mo gé e, mo fi í sínú Bíbélì mi. Ohun kan náà ni àwọn ọmọ mi ń sọ fún mi láti ọdún tó kọjá, ó sì yẹ kí n dáhùn, nítorí ọ̀rọ̀ náà ń jẹ mí lọ́kàn.

Mi ò ní dárúkọ ìjọ wa. Ọdún 1998 ni èmi àti olóògbé ọkọ mi dé ibẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé abẹ́ páànù la ti ń jọ́sìn, tí òjò bá sì ti dé, a ò ní gbọ́ ohun tí oníwàásù ń sọ mọ́. Láti ọdún 2006 ni mo ti ń kọ́ kíláàsì àwọn ìyá ní Ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi. Ní Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù, tí ìsìn Yorùbá bá ti parí, mo máa ń gbé tábìlì kékeré sábẹ́ igi máńgòrò, màá fi ẹ̀rọ wọn ìfúnpá ẹnikẹ́ni tó bá jókòó. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti mọ̀ pé àwọn ní ẹ̀jẹ̀ ríru.

Pásítọ̀ tó wà níbẹ̀ báyìí dé lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Èèyàn dáadáa ni. Nígbà tí ọkọ mi kú, òun ló bá àwọn ọmọ mi dúró ní mọ́ṣúárì títí ilẹ̀ fi mọ́, mi ò lè gbàgbé ìyẹn láé. Ṣùgbọ́n lọ́dún kejì tó dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù lórí oògùn. Ó ní oògùn tí èèyàn ń gbé mì lójoojúmọ́, ẹ̀rí ni pé onítọ̀hún kò tíì gba Ọlọ́run gbọ́. "Bí Jésù bá ti wò ọ́ sàn, kí lo tún ń gbé mì láràárọ̀?" Gbogbo ìjọ hó yèè, wọ́n ní àmín. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo rí àwọn tí mo ti wọn ìfúnpá wọn lábẹ́ igi máńgòrò, àwọn náà ń ṣe àmín.

Olóòtú, ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dunni. Ẹni tí tirẹ̀ ti di 190 lórí 110 lè máa rẹ́rìn-ín, kó máa gún iyán, kó máa jó lọ́jọ́ ìdúpẹ́. Oògùn kì í lé e lọ pátápátá. Ńṣe ló ń dì í mú, bí ìgbà tí darandaran di okùn màlúù mú. Bí a bá jọ̀wọ́ okùn, màlúù lè dúró sójú kan fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan á kọjá, ọ̀sẹ̀ méjì á kọjá, onítọ̀hún á wá sọ pé òun ti gba ìwòsàn, nítorí kò rí nǹkan kan lára. Ibẹ̀ ni ewu ìwàásù yẹn wà: ó máa ń dà bíi pé ó ti ṣẹ.

Obìnrin kan wà ní kíláàsì mi tó ń din àkàrà lójú ọ̀nà ọjà. Ọdún kẹrin rẹ̀ rèé tó ti ń lo amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Lálẹ́ ọjọ́ ìṣọ́ òru kan, wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ síwájú pẹpẹ pé kí àwọn tó gbàgbọ́ wá da oògùn wọn síbẹ̀, ó sì da tirẹ̀ síbẹ̀. N kò sí níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, orúnkún ń dùn mí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó jẹ́rìí pé orí tó máa ń fọ́ òun ti lọ. A pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú wọn, torí mi ò mọ ohun tó ti ṣe. Ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn náà, ó ṣubú láàárọ̀ síbi tó ti ń po ẹ̀wà. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ló rọ. Ọpẹ́ ni pé kò kú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò já geere lẹ́nu rẹ̀ mọ́, ọmọbìnrin rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ló ń din àkàrà báyìí kó tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́.

Lọ́jọ́ tí mo mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà, mo ti fẹ́ lọ. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Gwarinpa pè mí, ó ní, "Màámi, owó yín wà nínú gbohùngbohùn tó fi ń sọ ọ́." N kò rí oorun sùn lóru ọjọ́ yẹn, nítorí òótọ́ ni.

Ṣùgbọ́n mo rántí tọkọtaya kan. Apòògùn ni ọkọ, ó ní ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí ibùdókọ̀. Oṣù bíi mẹ́fà ṣáájú ìṣọ́ òru yẹn ni a ò rí wọn mọ́. A rò pé wọ́n kó lọ sí ibòmíràn ni. Nígbà tí mo pàdé ìyàwó lọ́jà, ó ní àwọn ti fi ìjọ sílẹ̀, pé ìwàásù oògùn yẹn kò bá àwọn lára mu, àwọn ò sì fẹ́ wàhálà. Mo kí i, mo lọ. Mo ń bínú sí wọn títí di bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí. Wọ́n mọ̀. Ẹni tó mọ oògùn jù lọ nínú ìjọ náà rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, ó sì gba ẹ̀yìnkùlé jáde, ó fi alákàrà sílẹ̀ síbẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì náà bá tún lọ, ta ló kù tó máa sọ fún ẹnì kan lábẹ́ igi máńgòrò pé, "Má da oògùn rẹ nù"?

Baba mi ló kọ́kọ́ kọ́ mi nírú ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ń ta aṣọ ní Sabon Gari ní Zaria, Onítẹ̀bọmi paraku ni. Ó máa ń sọ ìtàn ọdún 1888 fún wa, nígbà tí àwọn ọmọ ilẹ̀ wa kúrò nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi ti Èkó, wọ́n dá tiwọn sílẹ̀, nítorí ọwọ́ tí òyìnbó míṣọ́nnárì fi ń mú wọn. Àmọ́ ibi tí baba mi máa ń tẹnu mọ́ ni ọdún 1914, nígbà tí àwọn tó lọ àti àwọn tó dúró tún pàdé, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ kan ṣoṣo sílẹ̀, tí wọ́n fi Mojọlá Agbẹ̀bí, ọ̀kan lára àwọn tó lọ, ṣe ààrẹ wọn àkọ́kọ́. Baba mi ní ohun tó jẹ́ kí ó ṣeé ṣe ni pé àwọn tó lọ sọ ohun tó ń dùn wọ́n lójú ẹni tó ṣẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó lọ. Ìjà wà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde, ẹni méjèèjì sì mọ ohun tí wọ́n máa parí.

Èmi fúnra mi wà ní Zaria ní oṣù Kẹta ọdún 1987, nígbà tí rògbòdìyàn tó bẹ̀rẹ̀ ní Kafanchan dé ọ̀dọ̀ wa, tí wọ́n sun ọ̀pọ̀ ilé ìjọsìn. Àwọn tó ti ń jà lórí ìlù àti dùùrù ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, orí ẹní kan náà ni wọ́n jókòó sí lẹ́yìn ìyẹn. Mo mọ̀ pé Kubwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Sabon Gari nígbà náà, ibo lèèyàn fẹ́ lọ? Ní Kubwa lónìí, òpópónà wa nìkan ní ìjọ mẹ́rin. Nítorí náà, ẹ má rò pé mo dúró torí pé kò síbi tí mo lè lọ.

Mo tún mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ìwòsàn láìlo oògùn kò bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu pásítọ̀ wa. Ará Ẹ̀fọ̀n Aláayè ni ọkọ mi, ìjọ Àpọ́sítélì ti Krístì ni wọ́n bí i sí. Nínú ilé wọn ni mo ti gbọ́ bí àjàkálẹ̀ àrùn 1918 ṣe kó àwọn baba kan jọ sínú àdúrà ní Ìjẹ̀bú-Òde, nígbà tí àwọn dókítà náà kò ní ohun tí wọ́n lè fi wò ó, àti bí ọ̀rọ̀ kuiníìnì, oògùn ibà tí àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó ń lò, ṣe wà lára ohun tó pín wọn níyà ní nǹkan bí òpin àwọn ọdún 1930. Ìyá ọkọ mi kò gbé hóró oògùn kan mì rí títí ó fi kú. Mo bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo lóyún àkọ́bí mi, òun ló gbé àpò mi, ó ní, "Lọ sí ọsibítù rẹ, èmi á wà lórí eékún mi." Ara tirẹ̀ ló fi ṣe ìgbàgbọ́ rẹ̀, kò fi ara ọmọ ọlọ́mọ ṣe é.

Mo wá ṣe ohun tí Jésù ní ká ṣe nínú Mátíù orí 18. Mo kọ́kọ́ lọ bá pásítọ̀ ní èmi nìkan, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Mo ṣí Bíbélì sí ibi tí Aísáyà ti ní kí wọ́n fi ọ̀pọ̀tọ́ lé oówo Hesekáyà, mo ṣí i sí ibi tí Pọ́ọ̀lù ti pe Lúùkù ní oníṣègùn olùfẹ́, àti ibi tó ti ní kí Tímótì lo wáìnì díẹ̀ nítorí inú rẹ̀. Ó gbọ́ mi tán. Ó ní, "Mọ́mì, ìmọ̀ ìwé ń dí ẹ̀mí yín lọ́wọ́." Mo wo awò tó wà lójú rẹ̀, tí dókítà kọ fún un, mo bi í pé ṣé ìgbàgbọ́ tirẹ̀ náà ti kú ni. Kò dá mi lóhùn. Nígbà kejì, mo mú alàgbà méjì dání. Ó ní òun á gbàdúrà sí i.

Ní ìpàdé gbogbo ìjọ ní oṣù Kọkànlá, mo dìde. Mo ti gba àṣẹ lọ́wọ́ ìdílé alákàrà, mo sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ látòkè délẹ̀. Mo ní mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má gbàdúrà fún aláìsàn mọ́. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a má ṣe gbé apẹ̀rẹ̀ oògùn síwájú pẹpẹ mọ́. Ìjọ dákẹ́ rọ́rọ́. Ọ̀kan nínú àwọn alàgbà tí a jọ lọ, tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ló kọ́kọ́ dìde. Ó ti ọwọ́ bọ àpò agbádá rẹ̀, ó yọ oògùn jáde, ó ní ọdún kọkànlá tí òun ti ń lò ó nìyí, pé láti ọdún tó kọjá, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni òun ti ń gbé e mì kí ìyàwó òun má bàa rí i. Ó sunkún. Kí ìpàdé tó parí, èèyàn mẹ́sàn-án ló ti sọ irú rẹ̀. Pásítọ̀ kò sọ̀rọ̀, ó gbàdúrà ìparí, ó lọ.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, akọ̀wé ìjọ mú ìwé wá fún mi pé kí n sinmi díẹ̀ nínú iṣẹ́ kíkọ́ni. Wọn ò tíì dá kíláàsì náà padà fún mi. Ó dùn mí gidigidi, ọdún méjìdínlógún kì í ṣe eré. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ ìpàdé yẹn, wọn ò gbé apẹ̀rẹ̀ jáde mọ́. Tábìlì mi ṣì wà lábẹ́ igi máńgòrò. Ìlà kẹta ni mò ń jókòó sí, tí pásítọ̀ bá sì ti dé ibi oògùn, mi kì í ṣe àmín. Mo ti rí i pé àwọn kan máa ń bojú wẹ̀yìn wo ẹnu mi kí wọ́n tó ṣe tiwọn.

Ní ti owó tí ọmọ mi sọ, mo lọ bá akápò, mo sọ fún un lójú ara rẹ̀ pé ìdámẹ́wàá mi ti kúrò nínú àpò ìjọ, àpò ìrànwọ́ àwọn opó àti oògùn alákàrà ni ó ń lọ. Mo sọ fún pásítọ̀ náà. Ó ní Ọlọ́run á bi mí. Mo ní mo ti múra ìdáhùn sílẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo nǹkan tí a kò bá gbà ló tó ohun tí èèyàn ń torí rẹ̀ fi ìjọ sílẹ̀. Yẹtí, ṣòkòtò lára obìnrin, ìlù, èdè àjèjì, mo ti bá wọn jiyàn lórí gbogbo ìyẹn, a sì tún jọ jẹ ìrẹsì ìkórè. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí màá ti lọ. Bí apẹ̀rẹ̀ yẹn bá tún jáde, tàbí bí wọ́n bá ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́ pé kó lo oògùn rẹ̀, màá lọ lọ́jọ́ náà. Ẹnu ọ̀nà iwájú ni màá gbà, lójú gbogbo èèyàn, màá sì sọ ìdí rẹ̀ kí n tó kọjá.

Arákùnrin mi ní Òṣogbo, ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà yín pé ìjọ mẹ́rin lẹ ti fi sílẹ̀ láàárín ọdún mẹ́sàn-án. Ẹ ò sọ fún wa bóyá ẹ bá ọ̀kankan nínú àwọn pásítọ̀ mẹ́rin náà sọ̀rọ̀ kí ẹ tó lọ, ẹ ò sì sọ ohun tó ti ẹ̀yìn ìlọ yín ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí ẹ jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Mo fẹ́ mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ èsì sí olóòtú, mò ń ra ìwé ìròyìn yìí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Nọ́ọ̀sì,
Byazhin, Kubwa, Abuja.