Bísí, mi ò lè bá ẹ bi í o

Bísí mi,

Mo ti gbọ́ vóìsì nóòtì ẹ tán, títí dé ibi tó o ti ń fọnkun. Pẹ̀lẹ́, jàre. Ṣùgbọ́n èyí tó o ní kí n bá ẹ bi tẹ́rápísìtì mi, obìnrin tí mò ń bá sọ ọ̀rọ̀ ọkàn mi lórí fóònù, pé ṣé kó o kúrò lọ́dọ̀ Túndé àbí kó o dúró, mi ò lè bá ẹ bi í, kì í ṣe pé mò ń ṣe fọ́ọ̀mù o. Èmi tí mò ń sanwó fún un gan-an, obìnrin yẹn ò tíì dá ẹjọ́ kankan fún mi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, mo ti to gbogbo ẹ̀sùn Bàbá Ṣadé jọ, mo rò ó délẹ̀, mo wá ń retí kó ní èmi ni mo jàre, ló bá bi mí pé "tí wọ́n bá dákẹ́ báyẹn, ibo lára yín lẹ ti máa ń mọ̀ ọ́n?" Ibo lára mi kẹ̀! Inú bí mi débi pé mo fẹ́ pa fóònù. Ṣùgbọ́n mo mọ ibẹ̀, àyà mi níbí, àfi bíi pé wọ́n gbé ọlọ lé e.

O ní kí ló dé tí mi ò kúkú lọ rí èèyàn lójúkojú. Ṣé o ti gbàgbé Abẹ́òkúta ni? Tí wọ́n bá fi lè rí ẹ lágbègbè Àró, níbi ilé ìwòsàn ọpọlọ, kó jẹ́ pé o lọ kí aláìsàn ni, kílẹ̀ tó ṣú wọ́n á ti gbọ́ ní Ìtòkú pé orí ẹ ti dàrú. Ó dẹ̀ máa ń dùn mí, torí Dókítà Lambo tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1954 ò ti aláìsàn mọ́lé, ó ní kí wọ́n mú ẹbí wọn dání, kí wọ́n máa gbé láàárín àwọn ará abúlé, kí wọ́n máa lọ gba ìtọ́jú lójúmọmọ. Ní 1961, àwọn dókítà ọpọlọ láti òkè òkun pàápàá wá ṣèpàdé ní Abẹ́òkúta níbí. Àwa onílé wá sọ orúkọ ibẹ̀ di èébú.

Torí náà, stóò ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni mo máa ń wọ̀, mo á jókòó lé ẹrù àdìrẹ, òórùn aró á gba imú mi, mo á ki íyápíìsì bọtí, Kẹ́mi á sì máa sọ fún àwọn èèyàn pé ọ̀gá òun ń bá kọ́sítọ́mà Èkó sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, ti oyún tó bàjẹ́ yẹn, ni mo bá gbójú sókè, nẹ́tíwọ̀kì ti há, ẹnu ẹ̀ là sílẹ̀ lójú fóònù, mi ò mọ ibi tó gbọ́ ọ dé. Mo tún un sọ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì yẹn ni mo tó sunkún.

Iṣẹ́ ilé wà níbẹ̀ o. Tí àyà mi bá já, kí n kọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tó sọ sí mi lọ́kàn, àti ohun mìíràn tó tún lè jẹ́. Bàbá Ṣadé ka mẹ́sééjì mi, kò fèsì, ọkàn mi ní ó ti wà lọ́dọ̀ obìnrin kan. Kí ló tún lè jẹ́? Mo kọ ọ́ pé bóyá ó ń wakọ̀. Mo ní ṣé ohun tí mò ń sanwó lé lórí nìyí. Ṣùgbọ́n alẹ́ ọjọ́ yẹn, mo sùn.

Bàbá Ṣadé ò yí padà o, ó ṣì ń dákẹ́. Èmi ni mo kàn sọ fún un lálẹ́ ọjọ́ kan pé "tẹ́ ẹ bá dákẹ́ báyìí, ẹ̀rù máa ń bà mí." Ó dín ohùn tẹlifíṣọ̀n kù, Arsenal ló ń gbá bọ́ọ̀lù o, Bísí! Ó ní wọn ò tíì sanwó oṣù fáwọn, ojú ló ń ti òun.

Tìẹ yàtọ̀. O ní ó tì ẹ́ lu ilẹ̀kùn, o wá yára kọjá níbẹ̀ bíi pé mi ò ní gbọ́. Mo gbọ́. Tẹ́rápísìtì mi sọ ọ́ nígbà kan pé tí ọwọ́ bá ti wọ̀ ọ́, kí tọkọtaya má jọ jókòó níwájú ẹnì kan náà, torí ohun téèyàn bá tú síta níbẹ̀ lè di ìjà tẹ́ ẹ bá délé. Ìwọ nìkan ni kó o lọ. England lo wà, NHS Talking Therapies, ètò ìjọba ibẹ̀ fún irú ìtọ́jú yìí, ń gba orúkọ lọ́wọ́ èèyàn fúnra ẹ̀, kò dìgbà tí dókítà bá kọ lẹ́tà, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n lè bá ẹ ṣe é lórí fóònù. Tọ́kàn ẹ bá wá ń sọ pé kó o má sí láyé mọ́, má dúró de ìyẹn, pe 111, kó o tẹ 2. Tó bá tún gbọ́wọ́ sókè sí ẹ, 999 ni. Má ṣe lo fóònù tí Túndé mọ nọ́ńbà tó fi ń ṣí i.

Tó o bá ti forúkọ sílẹ̀, fi tó mi létí kíá, mi ò ní bi ẹ́ ní ohun tó o sọ níbẹ̀. Àbúrò Kẹ́mi ń bọ̀ ní Manchester lóṣù tó ń bọ̀, màá fún un ní àdìrẹ ẹlẹ́kọ ẹ. Ṣé yáàdì mẹ́rin ṣì tó ẹ, àbí oúnjẹ òyìnbó ti sọ ẹ́ di márùn-ún?

Èmi ni,
Ìyá Ṣadé