Ẹ̀yin tó ń gbéra wọ báǹkì, ẹ má fojú kéré ìdí káńtà

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Mo kí yín kú ìmúra. Ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí báǹkì ń ṣe fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì sábà máa ń gba ọdún kan sí méjì. Wọ́n á máa gbé yín káàkiri: ìdí káńtà, ẹ̀yáwó, ẹ̀ka tó ń wo ewu, ọ́díìtì. Kò di dandan kó jẹ́ ìṣirò owó lẹ kà.

Ìdánwò orí kọ̀ǹpútà ló ń kọ́kọ́ já ọ̀pọ̀ sílẹ̀. Ìṣirò ibẹ̀ kò le, àkókò ni kì í tó. Ẹ fi ìdá nínú ọgọ́rùn-ún dánra wò dáadáa. Bí owó bá kúrò ní 80 tó di 100, ìdá 25 ló fi lé. Bó bá padà sí 80, ìdá 20 ló fi dín, torí iye tí a ti bẹ̀rẹ̀ la fi ń pín. Níbi ìjíròrò ẹlẹ́gbẹ́jẹgbẹ́, ẹni tó ń gbọ́ tẹnìkejì, tó sì ń ṣọ́ aago, ni wọ́n ń wá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá wọlé, mo bẹ̀ yín, ẹ má sáré kúrò nídìí káńtà. Bí owó kò bá bá ìwé mu nírọ̀lẹ́, tẹ́ ẹ tún owó kà tí kò yí padà, ẹ wo iye tó fi yàtọ̀. Bí 9 bá pín in láìṣẹ́kù, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti gbé nọ́ńbà méjì sípò ara wọn: 5,400 di 4,500, ó wá fi 900 yàtọ̀. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ pín ìyàtọ̀ náà sí méjì, kẹ́ ẹ wá ìdajì yẹn nínú ìwé. Bóyá owó tó wọlé lẹ kọ sí ẹ̀gbẹ́ owó tó jáde. Owó tó dín, ẹ má fi tiyín dí i. Èyí tó lé, ẹ má fi pamọ́ de ọjọ́ mìíràn, nítorí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti oníbàárà kan. Ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní ẹ̀ka ẹ̀yáwó, èrè lè tan yín jẹ. Ilé iṣẹ́ kan ná mílíọ̀nù 6 sórí ọjà, ó tà á ní 10. Ìwé á ní ó jèrè 4. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ àwìn ló tà, tí mílíọ̀nù 2 péré ti wọlé, mílíọ̀nù 8 ló ṣì wà níta. Kí ló máa fi san gbèsè lóṣù tó ń bọ̀? Ẹ wá ibi tí owó ti ń wọlé kẹ́ ẹ tó béèrè ohun ìdógò. Ilé tí wọ́n fi dógò kì í yá tà, ẹjọ́ sì sábà máa ń bá a rìn.

Èyí tó ń ká mi lára jù ni ti pásíwọ́ọ̀dù. Wọ́n dá báǹkì Barings ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ ní 1762, ó sì wó ní 1995. Nick Leeson, òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní Singapore, ló ń dá òwò náà, òun náà ló tún ń bójú tó ẹ̀ka tó yẹ kó yẹ òwò ọ̀hún wò. Ó ń kó àdánù pamọ́ sínú àkáǹtì 88888, títí ó fi lé ní 800 mílíọ̀nù pọ́n-ùn. Ìdí nìyẹn tí báǹkì fi ń ní kí ẹnì kan tẹ iṣẹ́, kí ẹlòmíràn fọwọ́ sí i. Ẹni tẹ́ ẹ bá fún ní pásíwọ́ọ̀dù yín lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì, orúkọ yín ni ọ́díìtì yóò sì rí.

Bí ọ̀gá bá béèrè rẹ̀, ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ pé ẹ ó fúnra yín ṣe iṣẹ́ náà, bó bá wà nínú ohun tí wọ́n fún yín láṣẹ láti ṣe. Bó bá ta kú, ẹ fi tó ẹ̀ka tó ń mójú tó ìtẹ̀lé òfin létí, kẹ́ ẹ sì fi í sínú ìwé.