Àdùkẹ́, má tíì sanwó ìbọn yẹn o

Àdùkẹ́ mi,

Mo rí fọ́tò tó o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, mo sì ti gbọ́ voice note ẹ náà tán. Ruger LCP Max. Ó dáa lójú lóòótọ́, ó kéré, á wọ àpò jíìnsì, mo sì mọ̀ pé ohun tó wọ̀ ẹ́ lójú gan-an nìyẹn. Àti pé ẹni tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù ìbọn ní ti àwọn obìnrin ni. Jọ̀ọ́, kí ló ń jẹ́ ìbọn obìnrin? Má tíì sanwó o. Mi ò ní kó o má ra ìbọn, a ti ja ìjà yẹn tán, dádì ẹ náà ti gbà pé ọmọ ọdún 23 tó ń ti ṣọ́ọ̀bù lálẹ́, tó ń dá rìn dé ìdí mọ́tò ẹ̀ nínú òkùnkùn Dallas yẹn, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti ro ti ara ẹ̀. Ìbọn yẹn kọ́ ló yẹ kó o fi bẹ̀rẹ̀ ni mo ń sọ.

Jẹ́ n ṣàlàyé. LCP Max yẹn ò ju bíi oúnsì 10 àti díẹ̀ lọ tí ọta ò bá sí nínú ẹ̀. Glock 19 tèmi tó bíi oúnsì 24. Gbogbo èèyàn ló máa rò pé èyí tó fúyẹ́ ló máa rọ ọwọ́ obìnrin lọ́rùn, irọ́ gbáà ni. Agbára tó ń ti ọta lọ síwájú, òun náà ló ń ti ìbọn bọ̀ wá sẹ́yìn, tí ìbọn bá wúwo á gbà lára ẹ̀, tó bá fúyẹ́, ọwọ́ ẹ ló máa gba gbogbo ẹ̀ pátá. Á tapá, á bẹ́ sókè, àtàǹpàkò ẹ á máa ta ẹ́, tó o bá fi máa yin màgasíìnì (ilé tí wọ́n ń ki ọta sí) kejì tán wàá ti máa pa ojú dé kó tó dún. Ibi tí aburú wà nìyẹn, torí ẹni tó ń bẹ̀rù ìbọn ọwọ́ ara ẹ̀ ò ní padà lọ sí rénjì, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ìbọn yíyìn. Obìnrin kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ra irú ẹ̀, ó lọ yìn ín lẹ́ẹ̀kan péré, látìgbà yẹn inú pọ́ọ̀sì ló ń gbé, ó ń gbé ẹrù tí ò lè lò kiri.

Wo ibi tí wọ́n ti ń dì í mú náà. Ó kúrú débi pé ọmọńdinrín ẹ lè má ríbi dúró sí, ìka méjì péré ló máa ṣẹ́ kù tó ń ṣiṣẹ́. Sáìtì, ohun tó o fi ń wo ibi tó o fẹ́ yìn, tẹ̀yìn àti tiwájú tún sún mọ́ra jù, bó o bá yẹ̀ díẹ̀ báyìí o ò ní rí i lójú, orí páálí ní yáàdì 7 lo ti máa rí i. Àwọn tó ti ń yìnbọn tipẹ́ ń fi ìbọn kékeré ṣe bẹbẹ, èmi ò jiyàn, àmọ́ ọwọ́ wọn ti mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ sláìdì, irin orí ìbọn tí wọ́n ń fà sẹ́yìn kí ọta lè wọlé, tó o ní o ò lè fà yẹn, tẹ́ni tó ń tajà yẹn ń rẹ́rìn-ín, má dá a lóhùn jàre. Kì í ṣe agbára, ọgbọ́n ni. Fi ọwọ́ ọ̀tún di ìbọn mú, mú un wá sítòsí àyà ẹ, kí ẹnu ẹ̀ kọjú sí ibi tí tágẹ́ẹ̀tì wà, má jẹ́ kó yí sí ẹ̀gbẹ́ rárá, kí ìka ìfábẹ̀lá ẹ nà gbọọrọ sára ìbọn, kó má yà sọ́dọ̀ tírígà. Wá fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ òsì gbá ẹ̀yìn sláìdì mú, má fi orí ìka méjì já a bí ẹni ń já ewé. Fi ọ̀tún ti ìbọn síwájú lẹ́ẹ̀kan náà tí òsì ń fa sláìdì sẹ́yìn. Tó bá dé ìparí, fi í sílẹ̀ kó gbá padà fúnra ẹ̀, má sìn ín lọ, tó o bá sìn ín lọ ọta lè má wọlé dáadáa.

Tó bá ṣì le lẹ́yìn ìyẹn, ilé-iṣẹ́ Smith & Wesson ní èyí tí wọ́n ń pè ní Shield EZ, torí ọ̀rọ̀ sláìdì yẹn gan-an ni wọ́n ṣe ṣe é. Ti ọta .380 (ìwọ̀n ọta ni nọ́ńbà yẹn) jáde ní 2018, ti ọta 9mm ní 2020, ọta 8 ló ń gbà, màgasíìnì ẹ̀ pàápàá rọrùn láti kì. Tó bá jẹ́ àlòkù lo máa rà, yẹ nọ́ńbà ara ẹ̀ wò, torí àwọn kan wà lára 9mm tí wọ́n ṣe ní 2020 tí ilé-iṣẹ́ yẹn pè padà nítorí irin inú ẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní hammer.

Àwọn tó kù tí mo fẹ́ kó o gbà lọ́wọ́ rénjì yìn wò: Glock 19, ọta 15, ó tóbi díẹ̀ fún ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ bíi tìẹ, ṣùgbọ́n ó dáa fún ìkẹ́kọ̀ọ́. Glock 43X, ọta 10, ó pẹlẹbẹ, ibi ìdìmú ẹ̀ sì gùn. SIG P365XL, ọta 12. Ká sòótọ́, 43X yẹn lọkàn mi lọ sí fún ẹ, àmọ́ ọwọ́ mi kọ́ lo máa fi yìn ín. Ṣé o lè ra bàtà láì kì í bọ ẹsẹ̀ wò? Rénjì tó dáa máa ń yáni ní ìbọn, wọ́n á jẹ́ kó o gbìyànjú mẹ́ta mẹ́rin lọ́jọ́ kan náà, owó yẹn ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ 500 dọ́là tó o fẹ́ ná. Ìbọn tó o bá yìn tí àwọn ihò orí páálí sún mọ́ra, tó sì ń wù ẹ́ kó o tún yìn ín, òun ni tìẹ, kódà kó má rẹwà.

9mm ni kó o mú. Ọta ẹ̀ wọ́pọ̀, .380 ló wọ́n ju òun lọ, wàá sì nílò ọta púpọ̀ láti fi kọ́ṣẹ́. FBI fúnra wọn lo .40 fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó padà sí 9mm. Wọ́n á tún fẹ́ kó o ra rifọ́fà (ìbọn tí ilé ọta ẹ̀ ń yí po) kékeré ọlọ́ta 5, pé kò ní wàhálà. Tírígà ẹ̀ le bí nǹkan míì, ó sì ń tapá bíi ti kékeré tí mò ń sọ yìí. Fi sílẹ̀.

Họ́sítà, àpò tí wọ́n ń ki ìbọn bọ̀, ńkọ́? Owó tó o fi ra ìbọn, yọ díẹ̀ níbẹ̀ fi ra èyí tó le, tó bo tírígà pátápátá, pẹ̀lú bẹ́líìtì gidi. Má sọ ọ́ sínú pọ́ọ̀sì lásán láàárín kọ́kọ́rọ́ àti lípsítíkì. Àní tí pọ́ọ̀sì yẹn bá ní àyè ìbọn lọ́tọ̀, mi ò fẹ́. Ní December 2014, ní ilé ìtajà kan ní Hayden, Idaho, ọmọ ọdún 2 nawọ́ sínú pọ́ọ̀sì ìyá ẹ̀, ó kan ìbọn, ó yìn ín, ìyá yẹn kú síbẹ̀. Irú pọ́ọ̀sì tí wọ́n ṣe fún ìbọn ni. Rúùmúmeètì ẹ ní ọmọ kékeré, mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá sì di ọjọ́ ówàḿbẹ̀, ìbọn ń gbélé o, ìró àti bùbá ò ní ibi tí wọ́n ń so họ́sítà mọ́, ẹni tó bá sì ti mutí kò gbọ́dọ̀ gbé e rárá.

Ní ti òfin, láti September 2021 Texas ò fi dandan lé láísẹ́ǹsì láti gbé ìbọn kékeré kiri mọ́ fún ẹni tó ti pé ọdún 21 tí kò sí ẹjọ́ lọ́rùn ẹ̀. Ṣe LTC, láísẹ́ǹsì ìgbé-ìbọn Texas yẹn, síbẹ̀. Wọ́n á kọ́ ẹ ní òfin, wọ́n á ní kó o yin ọta 50 ní yáàdì 3, 7 àti 15, wàá gba 175 nínú 250 kó o tó yege, ìyẹn nìkan á jẹ́ kó o mọ ibi tó o dúró sí. Tó o bá ń lọ kí àǹtí ẹ ní Maryland, fi í sílẹ̀ sílé, wọn ò ka láísẹ́ǹsì Texas sí níbẹ̀. Fọ́ọ̀mù 4473 tí wàá kọ ní ṣọ́ọ̀bù, òótọ́ ni kó o kọ síbẹ̀, wọ́n á bi ẹ́ bóyá ìwọ gan-an lò ń rà á. Ọmọ bọ̀ọ̀dá mi tó wá fi físà akẹ́kọ̀ọ́ wọlé yẹn, mo mọ̀ pé á fẹ́ ya fọ́tò pẹ̀lú ẹ̀. Má gbé e fún un. Òfin ìjọba àpapọ̀ ò gbà kí ẹni tó wà lórí irú físà yẹn fọwọ́ kan ìbọn, àfi ìwọ̀nba àwọn tí òfin yọ sílẹ̀, wọ́n lè torí ẹ̀ dá a padà sílé.

Níbi iṣẹ́, ọ̀gá ẹ lè ní òun ò fẹ́ ẹ nínú ilé, àmọ́ òfin Texas gbà kó o tì í mọ́ inú mọ́tò ẹ ní páàkì. Àpótí irin kékeré tí wọ́n ń fi wáyà so mọ́ ẹsẹ̀ àga ni kó o rà, abẹ́ àga lásán kọ́, ibẹ̀ ni olè máa ń kọ́kọ́ wò.

Ọlọ́pàá. Kà á dáadáa. Ọkùnrin dúdú kan tí ọlọ́pàá dá mọ́tò ẹ̀ dúró, Philando Castile, ní láísẹ́ǹsì ìbọn tiẹ̀, ní July 2016 ní Falcon Heights, Minnesota, ó fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ fún ọlọ́pàá pé ìbọn wà lára òun, kò tó ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn ẹ̀ tí ọlọ́pàá yẹn yìnbọn pa á. Wọ́n sì dá ọlọ́pàá náà sílẹ̀ ní kóòtù. Torí náà tí wọ́n bá dá ẹ dúró, tan iná inú mọ́tò, ọwọ́ méjèèjì lórí sítíárìn, má tíì nawọ́ sí ohunkóhun. Tó bá béèrè ìwé, sọ pé o ní LTC, sọ ibi tí ìbọn wà, kó o wá bi í pé kí ló fẹ́ kó o ṣe. Òfin ní kó o fún un ní LTC pẹ̀lú láísẹ́ǹsì mọ́tò, àmọ́ jẹ́ kó sọ ìgbà tó o máa mú un jáde. Bọ̀ọ̀dá ẹ náà ni mo sọ fún bẹ́ẹ̀.

Nílé, inú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́. Baba mi tí wọ́n ṣọdẹ lágbègbè Ṣakí kì í jẹ́ ká gba iwájú wọn kọjá tí wọ́n bá ń ki ìbọn, àní kí ẹtù má tíì wọ inú ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni, gbogbo ìbọn tó bá wà lọ́wọ́ ẹ, kà á sí pé ọta wà nínú ẹ̀.

Ọ̀kan tún kù, má bínú sí mi. Nínú gbogbo àwọn tí ìbọn ń pa ní Amẹ́ríkà, àwọn tó fọwọ́ ara wọn yìn ín ju ìdajì lọ. Mo rántí bó o ṣe rí lọ́dún tí ìwọ àti ọmọkùnrin yẹn pínyà. Tí ọkàn ẹ bá tún wúwo báyẹn, pe Káyọ̀dé kó wá gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹ̀, mi ò ní bi ẹ́ léèrè kankan, òun náà ò ní bi ẹ́.

Mò ń bọ̀ ní Dallas ní Sátidé, a jọ ń lọ sí rénjì láago mẹ́wàá. Mo ní ohun ìbotí méjì àti awò. Wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, má sì wọ bùláòsì tó ṣí láyà bíi tọjọ́sí o, èèpo ọta máa ń gbóná nígbà tó bá fò jáde, tó bá já sí ẹ láyà wàá jó, ìbọn á sì ṣì wà lọ́wọ́ ẹ.

Mọ́mì ẹ