Àbẹ̀kẹ́, ta ló wà lọ́dọ̀ ẹ níbẹ̀?

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Owó tóo fi ránṣẹ́ ti wọlé, o ṣeun, wàá jèrè ọmọ. Ṣùgbọ́n álẹ́ẹ̀tì báńkì nìkan ni mo fi ń mọ̀ báyìí pé o ṣì wà láyé. Mo pè, o ò gbé e, ìyá ẹ pè, o ò gbé e, ó di ọjọ́ kejì kóo tó kọ ọ́ pé ibi iṣẹ́ lo wà. Ibi iṣẹ́ ṣáá.

Obìnrin kan nínú ìjọ wa tí ọmọ tiẹ̀ náà wà ní Missouri ní Amẹ́ríkà níbẹ̀ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn, ó ní wọ́n sọ fún òun pé o ò bá ẹnikẹ́ni ṣe, o ò lọ ṣọ́ọ̀ṣì kankan, tóo bá ti ti ibi iṣẹ́ dé o ti ti ilẹ̀kùn mọ́rí nìyẹn. Mi ò bínú sí i. Ohun tó ká mi lára ni pé mi ò rí èsì kankan fún un, torí èmi bàbá ẹ ò mọ orúkọ ọ̀rẹ́ ẹ kan ṣoṣo níbẹ̀. Tí àìsàn bá gbé ẹ dè lóru, ta lo máa pè?

Ìyá ẹ ń kí ẹ, orúnkún ẹ̀ ti fúyẹ́ díẹ̀. Tiransífọ́mà àdúgbò ti tún bàjẹ́. Àbúrò ẹ ti ṣe JAMB, a ń retí èsì.

Ṣóo rántí fọ́tò tóo fi ránṣẹ́ nígbà tóo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Cape Girardeau, ti Old McKendree Chapel, ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì àtijọ́ tó wà nítòsí Jackson, tóo ní ó kéré bí abà? Ó ṣì wà lórí fóònù mi. Ọdún 1819 ni wọ́n kọ́ ọ, ìtì igi poplar ni wọ́n gbẹ́ tí wọ́n tò léra, omi ìsun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Freeman, oníwàásù tó mú Mẹ́tọ́díìsì wá bá wa, ò tíì gúnlẹ̀ sí Badagry wa níbí nígbà yẹn, ó di 1842. Mẹ́tọ́díìsì kan náà ni wá. Àmọ́ kì í ṣe ilé yẹn ni mo fẹ́ bá ẹ sọ, ohun tó wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gé igi ni.

Igbó ni gbogbo apá ibẹ̀ nígbà yẹn, èèyàn lè rìn jìnnà kó tó rí ilé kejì. Oníwàásù á gun ẹṣin, á fi Bíbélì àti ìwé orin sínú àpò gàárì, ó lè tó oṣù kan kó tó yí padà débi tó ti wàásù. Dọ́là 80 lowó ọdún kan wọn lẹ́yìn 1800, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn kì í sì í rí i gbà pé. Àwọn ará ibẹ̀ máa ń sọ pé tójú ọjọ́ bá burú, kannakánná àti oníwàásù Mẹ́tọ́díìsì nìkan lo máa rí níta. Púpọ̀ nínú wọn kú láìpé 30 ọdún. Ó dáa, tí oníwàásù bá ti lọ, ta ló ń tọ́jú àwọn tó fi sílẹ̀ nínú igbó? Kíláàsì ni. Èèyàn bíi méjìlá nínú pálọ̀ ẹnì kan, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, olórí kíláàsì á bi oníkálukú bí ọkàn ẹ̀ ṣe wà, tí wọn ò bá rí ẹ, wọ́n á wá ẹ wálé. Wọ́n á wá ẹ wálé, Àbẹ̀kẹ́.

Mo mọ̀ pé wàá ní wọn ò kọ́ irú ṣọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀ torí tiwa. Mi ò ní bò ó, ọ̀rọ̀ ẹrú ló pín àwọn Mẹ́tọ́díìsì Amẹ́ríkà sí méjì lọ́dún 1844, nígbà tí wọ́n sì padà sọ̀kan lọ́dún 1939 wọ́n tún kó àwọn aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ títí di 1968. Ṣùgbọ́n Richard Allen, oníwàásù aláwọ̀ dúdú tí wọ́n fi ìwọ̀sí lọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì St. George's ní Philadelphia, ṣó lọ jókòó sílé? Ó kó àwọn èèyàn ẹ̀ jáde, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀ṣì Bethel lọ́dún 1794, òun ló di ìjọ AME, ìjọ Mẹ́tọ́díìsì àwọn aláwọ̀ dúdú, lọ́dún 1816. Lọ sí AME. Tóo bá ní Mẹ́tọ́díìsì ò wù ẹ́ mọ́ rárá, á dùn mí o, àmọ́ lọ síbòmíì, kẹ́ẹ tiẹ̀ jẹ́ mẹ́rin péré. Olórí kunkun ni ẹ́, láti kékeré lo ti máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ra ẹ.

Mo sì mọ ẹni tóo fi jọ. Kí wọ́n tó bí ẹ, wọ́n gbé mi lọ kọ́ni ní Bauchi. Olórí kíláàsì wa kọ lẹ́tà kí n mú un dání fáwọn Mẹ́tọ́díìsì ọ̀hún, ìsàlẹ̀ àpótí ni mo jù ú sí, mo ní kí n sinmi lọ́wọ́ èèyàn díẹ̀. Lóru tí ìyá ẹ ń rọbí, mo dúró sójú títì nínú òkùnkùn, mi ò mọ ẹni tó ní mọ́tò, mi ò mọ orúkọ ẹni tá a jọ pín ògiri. Ìgbà tí mo fi máa rí ọ̀kadà, ilẹ̀ ti mọ́. Ọkùnrin ni. Ẹ̀gbọ́n ẹ ni, a ò sọ fún ẹ rí. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó wá lẹ́tà yẹn jáde, àwọn obìnrin ìjọ náà sì wá, àwọn ló ń gbé omi kaná fún ìyá ẹ, àwọn ló ń po ògì fún un, wọn ò mọ̀ wá rí. Ìyá ẹ ò bá mi wí títí dòní.

Má fowó ránṣẹ́ lóṣù tó ń bọ̀. Orúkọ ẹnì kan àti nọ́ńbà ẹ̀ ni mo fẹ́, ẹni tó lè wá kan ilẹ̀kùn ẹ tí mo bá pè é, ìbáà jẹ́ òyìnbó. Mi ò ní yọ ọ́ lẹ́nu. Kọ ọ́ ránṣẹ́ kóo tó sùn.

Bàbá ẹ