Àpò sìmẹ́ǹtì ń sọ àwọn ọmọ wa di aláàbọ̀ ara

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Inú ń bí mi gidigidi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń já sìmẹ́ǹtì ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Odógunyàn, ní Ìkòròdú níbí, ṣubú pẹ̀lú àpò méjì lórí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí pákó tí wọ́n gbé ti tírélà. Méjì ni wọ́n ń gbé, nítorí ẹni tó bá gbé ẹyọ kan, wọ́n á ní ọ̀lẹ ni. Parasitamọ́ọ̀lù àti owó ọ̀kadà ni wọ́n fún un, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ní báyìí, àfi kó di ògiri mú kó tó lè dìde lórí ẹní.

Wọ́n ní kì í ṣe òṣìṣẹ́ àwọn, alágbàṣe lásán ni. Irọ́ ni! Òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tó farapa lẹ́nu iṣẹ́, tí wọ́n ṣe ní 2010, kan alágbàṣe náà. Náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù tí iléeṣẹ́ ń san ló yẹ kó máa lọ sọ́dọ̀ NSITF, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó gbà-má-bínú yìí, nítorí irú ọjọ́ báyìí. Parasitamọ́ọ̀lù fún ẹ̀yìn tó yẹ̀! Àwọn tí ìjọba ń sanwó fún pé kí wọ́n máa bẹ iléeṣẹ́ wò dà? Bí wọ́n bá tiẹ̀ wá, ọ́fíìsì ọ̀gá ni wọ́n ń jókòó sí, wọn kì í dé ìdí tírélà.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí ìjọba pàṣẹ pé kí àpò sìmẹ́ǹtì di kílò 25. Kílò 50 ni tiwa, méjì lórí ọmọ ènìyàn sì jẹ́ 100. Láti 1967 ni Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé ti gbani nímọ̀ràn pé kí ẹrù tí ọkùnrin kan ń gbé má ju kílò 55 lọ. Kílò 25 ló wọ́pọ̀ ní ìlú Ọba, wọ́n sì ń kọ́lé níbẹ̀. Bí ó bá di kílò 25, ẹni tó gbé méjì gbé ẹyọ kan tòní nìyẹn. Ó máa dùn mọ́ àwọn bíríkìlà pàápàá, torí iṣẹ́ kékeré kì í gba odidi àpò, ìyókù a sì dì gbagidi mọ́ wọn lọ́wọ́. Àwọn iléeṣẹ́ sìmẹ́ǹtì á ní owó àpò á pọ̀ sí i. Kó pọ̀! Ta ló ń san owó ẹ̀yìn tó bàjẹ́?

Kí àwọn ilé ìkẹ́rùsí ra ọmọlanke fún àwọn tó ń já sìmẹ́ǹtì pẹ̀lú.

Dókítà ní kí ọmọ wa lọ ya fọ́tò ẹ̀yìn, kò sì sówó. Kí ilé ìkẹ́rùsí yẹn sanwó rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kì í ṣe parasitamọ́ọ̀lù la ní kí wọ́n fún wa.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín, Ìkòròdú